Ṣé Kí N Dúró?

"Ṣé kí n dúró?"

Ọmọbìnrin tó béèrè bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn orí ìtàgé, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mi ò dá a lóhùn. Ọ̀gá wa, olùdarí eré, tó jókòó sísàlẹ̀ nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, kò dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ìparí eré Ìyàwó Ẹnu Ọ̀nà ni: ọkọ kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà, ìyàwó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ kò sọ nǹkan kan, ìyàwó fa ilẹ̀kùn, ó lọ. Iná kú, eré parí.

Ọmọbìnrin náà kò fa ilẹ̀kùn. Ṣe ló já ọwọ́ rẹ̀ gbà kúrò lára irin náà bí ẹni tó gbá ìkòkò orí iná mú.

"Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Ọ̀gá wí. "Ògiri ló wà níbẹ̀."

"Ẹnìkan di ọwọ́ rẹ̀ mú lódìkejì, mà. Ó gbóná."

Mo dìde, mo lọ wò ó. Pákó méjì àti ògiri dúdú ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fọwọ́ kan irin náà, ó tutù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì ń lọ tòun taṣọ ìyàwó lọ́rùn. Ẹnu géètì ni mo ti lé e bá.

Gbogbo ẹni tó bá ti kàwé dé ibì kan ló mọ eré yẹn. Nílé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n fi ṣe ìdánwò fún wa: kí ló dé tí ọkọ kò fi dáhùn? Mo kọ ọ́ títí ìwé fi tán lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "O gbìyànjú." Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́, kò sẹ́ni tó gbé e sórí ìtàgé mọ́ nínú gbọ̀ngàn tiwa. Ọ̀gá, tó ti ìlú mìíràn wá ṣe olórí wa, ló ní a máa jí i dìde. Ìyàwó là ń wá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ọ̀rọ̀ ọkọ fún gbogbo ẹni tó bá wá dán ara rẹ̀ wò. Ọ̀gá ní ọkọ kò le, ẹni tó bá ṣáà ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lè ṣe é.

Ìbéèrè ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Bí mo bá rí okùn tó dijú, ara mi kì í balẹ̀ àfi bí mo bá rí orí rẹ̀.

Ọ̀gá ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó láìwọ aṣọ ìyàwó. "Aṣọ ló máa bá wa yan ìyàwó," ló máa ń wí. "Ẹni tí kò bá lè mí nínú rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ nínú rẹ̀?" Aṣọ tí wọ́n lò láyé ìjọ́sí náà ni, funfun tó ti ń pọ́n lójú, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ aró ya ewé sí gbogbo etí rẹ̀. Gbogbo ewé náà kọ orí sókè, àyàfi ẹyọ kan tó kọ orí sísàlẹ̀. Bóyá oorun ń kùn ẹni tó ya á ni. Gbogbo nǹkan tó bá aṣọ náà rìn ló pé, ìbòjú rẹ̀, tí wọ́n ní òun náà ní irú ewé yẹn létí, nìkan ni kò sí.

Mo gbé aṣọ tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà padà sí yàrá ìránṣọ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Aránṣọ wa, ọmọbìnrin kan, jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láàárín àwọn ère aláìlórí tó ń fi aṣọ kọ́. Pẹ̀lẹ́ la ń pè é, torí pé bó bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ há aṣọ mọ́ ènìyàn lára, á kọ́kọ́ ní "pẹ̀lẹ́" kó tó gún un.

"O tún ti lé ẹnì kan lọ," ló wí láìgbójú sókè.

"Èmi kọ́. Ilẹ̀kùn ló lé e."

"Ilẹ̀kùn tí kò lẹ́sẹ̀."

"Ó lọ́wọ́. Ọmọ yẹn ní ọwọ́ rẹ̀ gbóná."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì pẹ́ lójú rẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Ibẹ̀ ni mo ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Mo ti ń rí i lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀ sí kíkó sí i.

"Ìbéèrè, wá," ló wí. "Ìwọ tó o fẹ́ràn nǹkan tó dijú, wo èyí."

Ó na ìbàdí aṣọ náà fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti fi ẹ̀rọ gbà á wọlé fún ọmọbìnrin tó sá lọ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rojọ́ pé ó gba òun láàyè jù. Ẹnìkan ti tú ojú rírán ẹ̀rọ náà, ó sì ti fi ọwọ́ rán an padà sórí ìlà àtijọ́, níbi tí aṣọ ti ní àpá.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn," ló wí. "Ẹni yòówù kí n gbà á fún, ó máa padà sí ìwọ̀n àtijọ́."

"Ìwọ̀n ta ni?"

Ó ti òwú bọ ẹnu, ó ń lá a. Ó yọ ọ́, ó ní, "Ìyá mi."

Ó wá sọ fún mi. Ìyá rẹ̀ ni ìyàwó ìjọ́sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe eré náà kẹ́yìn, nígbà tí òun kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìyá jáde lọ tòun ti ìbòjú lórí, kò sì padà wálé mọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé àìsàn ti mú un lọ. Wọ́n ní ó ń múra àtiránṣẹ́ wá mú ọmọ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó lé e kúrò nílé fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá mi ní eré yìí ló gbé e lọ," ni Pẹ̀lẹ́ wí.

"Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"Aránṣọ ni mí. Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ni mo ń gbà gbọ́."

Ó fọwọ́ kan ojú rírán náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni bọ́tìnì ẹ̀wù mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí mo bá dé yàrá ìránṣọ láàárọ̀, ti ọrùn ti já. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ti ọwọ́. Pẹ̀lẹ́ á rán an mọ́ mi lára lórí ìdúró, á ní "pẹ̀lẹ́," èmi á sì di èémí mú. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan, àfi nípa ohun tó gbé mi wá.

Àǹtí ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Àbúrò bàbá Pẹ̀lẹ́ ni, òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa.

"Ìbéèrè, bọ́tìnì rẹ yìí, ṣé eku ló ń jẹ ẹ́ ni?"

"Òwú wọn ni kò dáa, Àǹtí."

"Òwú. Ẹni tó bá ń wá ojú rere aránṣọ, òwú rẹ̀ kì í dáa. Ta ni alárinà rẹ?"

"Mi ò ní, mà."

"O ti ní báyìí." Ó fa ojú fèrèsé rẹ̀ dé díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn. Ọjọ́ tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi láti wá tọ́ ọ, mo bá ọmọ tó ń sunkún nílẹ̀, mo bá bàbá lórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Títí di òní olónìí, ibẹ̀ ló wà. Ó ń dìde lọ síbi iṣẹ́ o, ó ń jẹun, ó ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì dìde níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ni kí o wá dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn gan-an ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá méjì àti pálọ̀ tí ilé iṣẹ́ fún bàbá náà, torí pé òun ni káfíńtà tó ń kan gbogbo ilé àti ilẹ̀kùn orí ìtàgé wa. Ọ̀sán gangan ni, iná mànàmáná sì wà ní títàn. Fèrèsé onípákó kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kì í ṣí. Bàbá ní atẹ́gùn ẹ̀yìn kò bá òun lára mu. Òun jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé náà, ó kọjú sí ògiri. Èmi jókòó lábẹ́ ògiri ní iwájú rẹ̀. Nígbà tí kò sọ̀rọ̀, mi ò rí ohun mìíràn wò ju kọ́tìnì fèrèsé lọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ti gba ekuru àti ọṣẹ títí tí kò fi ní àwọ̀ mọ́. Mo wò ó títí ó fi sú mi.

"Àlejò yìí ń bá wa ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí wí. "Ọmọ dáadáa ni."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí. "Òun ló ń ka ọ̀rọ̀ ọkọ."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dìde pé mo ń lọ, mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá síta. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sún sókè díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń dúró de ìbéèrè kan. Mi ò béèrè nǹkan kan. Èjìká náà padà sílẹ̀.

Ẹni tó yẹ kó wá dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn kò yọjú. Ìròyìn ilẹ̀kùn wa ti ń rìn láàárín àwọn òṣèré. Ọ̀gá ti bínú débi pé kò pariwo mọ́.

"Aránṣọ," ló wí, "wọ aṣọ yẹn wá kí n rí bí iná ṣe ń bà lé e. Ìbéèrè, jókòó. Kí ọjọ́ yìí má ṣòfò."

Pẹ̀lẹ́ jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Kò sẹ́ni tó gba aṣọ náà wọlé, kò sẹ́ni tó tú u. Ó bá a mu bí èèpo ṣe ń bá èso mu. Ọ̀gá, tó ń bu omi mu lọ́wọ́, gbé ife sílẹ̀.

"Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo wọn, mà."

"Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Mi ò lè sọ bó ṣe sọ ọ́. Àwọn tó ti wá ṣáájú ń sunkún, wọ́n ń kígbe. Òun sọ ọ́ bí ẹni tó ń ká aṣọ. Nígbà tó dé ìparí, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo tẹ̀ síbi okùn bàtà mi. Mo gbọ́ tó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ èémí mìíràn, tó lọ́ra ju tirẹ̀ lọ, láti ẹ̀yìn pákó náà. Irun ọrùn mi dìde.

"Ṣé kí n dúró?"

"Dúró," ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Èémí kejì dá.

"Ta ló ní kí o dáhùn?" ni Ọ̀gá bi mí. Kò dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ wí. "Kò burú, ẹlòmíràn ló máa ṣe ọkọ. Aránṣọ, ó ti parí. Ìwọ ni ìyàwó."

Nǹkan kan já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Òòlù bàbá Pẹ̀lẹ́ ni. Ó dúró láàárín àwọn igi rẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ yẹn.

"Ọmọ mi kò ní ṣe é," ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" lohun àkọ́kọ́ tó béèrè.

"Ó ti kú, mà. Ṣùgbọ́n ó ti fi ilé sílẹ̀ kó tó kú."

Mo gbọ́ tí ìyá mi ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Ọmọ mi, ilé tí ìyá bá ti bá ẹnu ọ̀nà lọ láìwẹ̀yìn, ọmọ ti mọ ọ̀nà. Mi ò ní kí o má fẹ́ ẹ. Mo ní bí o bá fẹ́ ẹ, kí o máa sùn pẹ̀lú ojú kan ní lílà."

Mo bínú sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí Pẹ̀lẹ́ bá dìde níwájú mi tó lọ sí ẹnu ọ̀nà, kódà bó jẹ́ omi ló fẹ́ bù, etí mi á máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kórìíra ara mi fún un, mi ò sì lè jáwọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo ti kíyè sí nǹkan kan lára òwú tí wọ́n fi ń rán an padà, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹnìkan ti fi ìda pa á. Pẹ̀lẹ́ kì í fi ìda pa òwú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ìda pa nǹkan nínú ilé iṣẹ́ wa, òun náà sì ni káfíńtà, tó máa ń fi àbẹ́là ra ìṣó kó lè wọ igi líle.

Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn ti jáde lọ jẹun, mo gba ẹ̀yìn padà wọ gbọ̀ngàn. Mi ò tíì dé orí ìtàgé nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin.

"Ṣé kí n dúró?"

Mo rò pé Pẹ̀lẹ́ ni. Mo yára. Bàbá rẹ̀ nìkan ni mo bá lórí àga ọkọ, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, aṣọ ìyàwó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?" ló bi mí.

"Mo gbọ́, sà."

"Ó dáa. Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni."

Mo jókòó sílẹ̀ ní iwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń tú u?"

"Bí wọ́n bá gé e fún ẹlòmíràn, kí ni òun máa wá wọ̀?"

"Wọ́n ní ìyá Pẹ̀lẹ́ ti kú, sà."

"Èmi mọ̀ pé ó ti kú," ni bàbá wí. "Aṣọ ni kò mọ̀."

Ó ń ranṣọ lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá igi sọ ọ́. Òun ni ọkọ nínú eré ìjọ́sí. Ọkọ lórí ìtàgé, ọkọ nílé.

"A máa ń kọ́ eré nílé. Bí ìyàwó mi bá ń gbálẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, èmi á fi èyí tó tẹ̀ lé e dá a lóhùn. Ó dùn mọ́ wa. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ mìíràn tán láàárín wa. Bó bá ní ọmọ ń gbóná, èmi á fi ọ̀rọ̀ eré fèsì. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a ṣe é kẹ́yìn, ó bọ́ aṣọ sílẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ó fi ìbòjú sórí délé, ó ní òun máa fọ̀ ọ́. Mo jókòó, mo ń tú okùn bàtà mi. Ó dúró lẹ́yìn mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Ṣé kí n dúró?'"

Abẹ́rẹ́ dúró.

"Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé eré ló ń kọ́. Ọkọ kì í dáhùn níbẹ̀, kì í sì í wẹ̀yìn. Èmi náà ò dáhùn. Mo tiẹ̀ tún ń tú okùn náà jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, kí ó lè rí i pé mo mọ iṣẹ́. Nígbà tí mo máa yíjú padà kí a jọ rẹ́rìn-ín, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo."

Gbogbo ohun tí mo kọ nílé ẹ̀kọ́ nípa ọkọ tí kò dáhùn, mo fẹ́ lọ gbà á padà kí n ya á.

"Ìbòjú yẹn ló tù mí nínú," ni bàbá ń bá a lọ. "Mo wá gbogbo inú àpótí, mo wá gbogbo ojú ọ̀nà. Kò sí. Ó ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó béèrè nìyẹn. Ìyàwó inú eré ló béèrè, ìyàwó inú eré ló lọ, ó kàn gbé tèmi dání ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ti ṣí i kúrò lórí kó tó ṣí ẹnu, á jẹ́ pé ìyàwó mi ló bi mí. Èmi ni mo sì kọ ẹ̀yìn sí i."

Ó já òwú náà pẹ̀lú eyín.

"O fẹ́ ọmọ mi. Ọ̀gá yín fẹ́ ẹ fún eré. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ìbòjú yẹn hàn mí, mo máa gbà pé kì í ṣe eré ló gbé ìyá rẹ̀ lọ. Kí ó wá ṣeré, kí ó sì fẹ́ ẹni tó bá wù ú. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, rárá."

Ó fún aláìsinmi níṣẹ́. Mo tú gbogbo àpótí tó wà nínú yàrá ìkóṣọsí. Mo wọ abẹ́ ìtàgé, mo jáde pẹ̀lú aláǹtakùn lórí. Mo wá àwọn àgbà òṣèré ìjọ́sí lọ sílé wọn, ọ̀kan nínú wọn fún mi ní àkísà kan tí wọ́n fi ń nu bàtà. Ọ̀gá dá yíyan ìyàwó dúró, lẹ́yìn náà ó ní òun kò lè dúró ju ìparí oṣù lọ. Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé sí etí ìbòjú tuntun, ó ní bí ti àtijọ́ kò bá yọjú, eré kò ní torí ìyẹn wà láìní ìbòjú. Ó ya ewé kan sódì, ní ìrántí.

Lọ́jọ́ kan, mo wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú yàrá kan tí wọ́n ti tì pa tipẹ́. Mo ń sọ bí mo ṣe máa wá inú rẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá mi ń wá ìbòjú," ló wí. "Ìwọ náà ń wá ìbòjú. Ta ló ń wá èmi?"

"Torí tìrẹ ni mo ṣe ń..."

"Kì í ṣe torí tèmi. Ó dùn mọ́ ọ ni. Bọ́tìnì rẹ mélòó ló ti já láti ọjọ́ yìí?"

Mo wo ẹ̀wù mi. Gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ló pé. Ojú tì mí.

"Ìyá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ," ni mo jẹ́wọ́. "Ó ní ọmọ ti mọ ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí pé o máa lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni o kò sì bi mí." Ó ká ìbòjú tuntun náà, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Mi ò ní lọ láìsọ. Bí mo bá bi ọ́ ní nǹkan, dá mi lóhùn. Ìyẹn nìkan ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ ọkọ. Wá sílé wa lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo fẹ́ bi bàbá mi ní nǹkan."

Nígbà tí mo dé, Àǹtí ti wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ìwòsàn. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, ojú sí ògiri. Iná wà ní títàn. Mo kí i, mo jókòó síwájú rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ jáde láti yàrá nínú aṣọ ara rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìyá rẹ̀ dúró sí. Mo rí èjìká bàbá tó sún sókè.

"Mi ò ní béèrè nínú òkùnkùn," ni Pẹ̀lẹ́ wí.

Ó pa iná. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó fi èjìká ti fèrèsé náà títí ó fi ké, tó sì ṣí. Oòrùn ọ̀sán wọlé. Bàbá kò yíjú.

"Bàbá mi, mi ò kọ́ eré. Ọmọ yín ló ń béèrè. Ọkùnrin tó wà níwájú yín yìí ni mo fẹ́, eré yẹn náà sì wù mí. Bí ẹ kò bá dá mi lóhùn, màá lọ. Ṣé kí n dúró?"

Mo fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Àǹtí wò mí pé kí n pa ẹnu mọ́. Ọwọ́ bàbá wà lórí okùn bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di apá àga náà mú, ó ń yí i. Ẹsẹ̀ àga ti jẹ ilẹ̀ wọlé níbi tó wà láti ọdún pípẹ́ wá, ó dún bí nǹkan tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn.

"Jẹ́ kí n rí ojú rẹ," ló wí, "kí n tó dáhùn."

Ó kọjú sí i. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wọn igi tí kò fẹ́ gé ṣì.

"Dúró," ló wí. "Dúró kí o ṣe eré náà. Lẹ́yìn náà, tẹ̀ lé ọkùnrin yìí lọ. Mo gbọ́ ọ lórí ìtàgé lọ́jọ́ yẹn, ó dáhùn níbi tí wọn ò ti ní kó dáhùn. Kó ṣáà ti máa..."

Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀. Kò wo Pẹ̀lẹ́ mọ́. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń gba inú kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà wọlé. Èmi náà wò ó. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ká etí rẹ̀ sókè, ìmọ́lẹ̀ ti gba inú aṣọ méjèèjì, ó sì mú òjìji kéékèèké jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ní àwọ̀ aró tó ti ṣá. Ewé ni wọ́n. Gbogbo wọn kọ orí sí ibì kan náà, àyàfi ẹyọ kan.

Bàbá dìde lórí àga náà. "Ìbòjú rẹ̀," ló wí.

Àǹtí wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi, ó yíjú sí fèrèsé.

"Kí lẹ ń wò? Kọ́tìnì yẹn?" ló wí. "Mo bá a níbẹ̀ ni, lọ́jọ́ tí mo dé. Ó gùn jù, ni mo ṣe ká etí rẹ̀ sókè."